Obìnrin Tó Ya Ehoro Tí Ó Jọ Ehoro

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka abala yìí tipẹ́ mọ̀ pé èmi kì í fi gbogbo ìgbà sọ̀rọ̀ ẹbọ àti ọ̀rọ̀ ọdún níbí. Ohun tí ẹnìkan nínú yín bá bi mí ni mo sábà máa ń mú sọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Awo wa. Ó ní àbúrò òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìwé ọmọdé ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ òun, ìwé kéékèèké, ehoro tó wọ kóòtù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n máa kà á fún wọn ni, àbí kí n dúró lórí ìtàn ìjàpá?"

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo ti wádìí ẹ̀. Ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Helen Beatrix Potter ni orúkọ obìnrin náà. Ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1866 ni wọ́n bí i ní Kensington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀, òun náà ló ya àwòrán. Ọmọ olówó ni. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, nítorí owó ti wà nílé. Bàbá bàbá rẹ̀ ló rí owó ọ̀hún nídìí aṣọ òwú tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861, ọ̀pọ̀ nínú òwú tí àwọn ilé iṣẹ́ ìhà ibẹ̀ ń lò, oko tí àwọn ẹrú dúdú ń ṣe ní Amẹ́ríkà ló ti ń wá. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Wọn kò rán an lọ sí ilé ìwé rárá. Àwọn olùkọ́ obìnrin ló ń wá kọ́ ọ nílé. Àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, Bertram, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà ju ìyẹn lọ. Ọmọ méjì nínú ilé ńlá, tí òbí kì í jẹ́ kí wọ́n bá ọmọ ẹlòmíràn ṣeré, kí ni wọ́n á máa ṣe? Ẹranko ni wọ́n kó wọlé. Eku, ehoro, àdán, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́, àti ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tó jọ ọmọ òòrẹ̀. Ó ní ehoro kan tó ń jẹ́ Benjamin, okùn ló máa ń so mọ́ ọn tí wọ́n á jọ máa rìn kiri bí ẹni mú ajá jáde.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ nìyí. Bí ẹranko kan bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á sunkún tán, wọ́n á sì sè é títí ẹran á fi bọ́ lára eegun. Wọ́n á wá to eegun náà padà, wọ́n á yà á. Àwọn ìyá kan á sọ pé irú ọmọ wo nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán ehoro inú ìwé rẹ̀ dáadáa: bó tilẹ̀ wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù, ibi tí orúnkún ehoro ti ń tẹ̀ ni tirẹ̀ ti tẹ̀. Bó bá jókòó, ehoro ló jókòó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya ẹranko fún ọmọdé lóde òní, ènìyàn ni wọ́n yà tí wọ́n fi etí gígùn sí lórí. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó bá fi irú ìyẹn mọ ehoro, bó bá rí ehoro lóko kò ní mọ̀ ọ́n.

Láti bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí ó fi pé nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ kan, àmì tí òun nìkan mọ̀ ló sì fi kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè kà á. Ó kú tán, ìwé ọ̀hún wà níbẹ̀ bí odù tí kò sí babaláwo tó lè kà á. Ọdún 1958 ni ọkùnrin kan, Leslie Linder, tó tú u. Ohun tó fi rí ojú rẹ̀ ni ọdún 1793 kan tó hàn nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ḿbà Róòmù mẹ́rìndínlógún. Ó rò ó títí ó fi mọ̀ pé ọba Faransé tí wọ́n pa lọ́dún náà ni, Louis Kẹrìndínlógún. Orí ìyẹn ló gùn tó fi tú gbogbo rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1966, tí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí i.

Nísinsìnyí ó kan ọ̀rọ̀ olú, ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ sún mọ́ mi.

Lọ́dọọdún ni bàbá rẹ̀ máa ń kó wọn kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ lo ìgbà ooru ní ìgbèríko, ní Skọ́tíláǹdì lákọ̀ọ́kọ́. Akólẹ́tà kan wà níbẹ̀, Charles McIntosh. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn káàkiri igbó àti òkè láti pín lẹ́tà. Ẹ̀rọ ìlagi ti gé àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ kúrò nígbà èwe. Ọkùnrin onítìjú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ewé tàbí olú tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà tó ń gbà. Ọdún 1892 ni òun àti Beatrix jókòó sọ̀rọ̀ olú. Wọ́n wá ṣe àdéhùn kan: bí Beatrix bá ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, akólẹ́tà yìí á máa fi olú tútù ránṣẹ́ sí i nínú pósì; òun á yà á ní ẹ̀dà méjì, á mú ọ̀kan, á fi ìkejì ránṣẹ́ padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo rántí ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní ewé. Kì í sọ orúkọ ewé fún mi títí n ó fi sọ ohun tó wà ní ẹ̀yìn ewé náà fún un, bóyá ó ní irun, bóyá iṣan rẹ̀ pupa. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni akólẹ́tà yìí jẹ́ fún obìnrin náà: kò sí oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn mọ̀ ni.

Beatrix kò dúró lórí àwòrán. Ó fi awò tó ń mú ohun kékeré tóbi wo hóró tíntìntín tó ń jábọ́ lábẹ́ olú bí ìyẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti mú wọn hù nínú ilé. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ọkọ àbúrò bàbá rẹ̀ kan, tó jẹ́ onímọ̀ ńlá, mú un lọ sí ọgbà Kew. Olórí ibẹ̀ kò kà á kún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1897, wọ́n gbé ìwé tó kọ lọ síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Linnean Society. George Massee, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kew, ló bá a gbé e lọ. Òun tó kọ ọ́ ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Obìnrin ni, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọlé síbi ìpàdé náà. Ó gbà á padà láti tún un ṣe, kò sì jáde mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ gan-an ti sọnù. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1905 ni ẹgbẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin. Ọdún 1997, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ni wọ́n tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ti kú. Ṣùgbọ́n àwòrán olú tó yà kò sọnù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní ilé ìkàwé Armitt ní Ambleside, ní ọdún 1967 onímọ̀ kan sì kó púpọ̀ nínú wọn sínú ìwé tó kọ nípa olú. Àwọn onímọ̀ ṣì ń lò wọ́n títí dòní láti fi dá olú mọ̀.

Ìwé ehoro náà, lẹ́tà ni kó tó di ìwé. Olùkọ́ tó kọ́ ọ gbẹ̀yìn, Annie, tí kò fi ju ọdún mẹ́ta lọ jù ú lọ, ti lọ sí ilé ọkọ, ó sì ti bí àwọn ọmọ. Àkọ́bí rẹ̀, Noel Moore, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lórí àìsàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893, Beatrix wà ní Skọ́tíláǹdì, ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ náà, kò sì mọ ohun tí ó máa kọ. Ló bá kọ ìtàn àwọn ehoro mẹ́rin kan sí i, ó ń ya àwòrán wọn bó ti ń kọ ọ́ lọ. Ìyá ọmọ náà fi lẹ́tà ọ̀hún pamọ́. Ọdún méje kọjá, òun ló ní kí Beatrix sọ wọ́n di ìwé, Beatrix sì yá lẹ́tà náà padà lọ́wọ́ wọn láti dà á kọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má máa fi lẹ́tà ọmọ dáná o.

Ó tó ilé ìtẹ̀wé mẹ́fà tó kọ̀ ọ́. Àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ ìwé ńlá. Obìnrin náà ní rárá, kékeré ni òun fẹ́, èyí tí ọwọ́ ọmọdé lè dì mú, òun kò sì fẹ́ kó wọ́n, nítorí àwọn ehoro kéékèèké tó ń ka ìwé kò lówó lọ́wọ́. Ẹ ò rí i, ó tilẹ̀ ń ṣàwàdà. Nígbà tí kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ 250 ẹ̀dà ní oṣù Kejìlá ọdún 1901. Ilé iṣẹ́ Frederick Warne ló wá gbà á, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1902. Ṣílè kan ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà bíi tèmi, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ṣílè kan lè rà nígbà tí a wà ní kékeré. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ọmọláńgidi ehoro náà kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà. Ó gbọ́n nídìí owó. Amẹ́ríkà nìkan ló ti jálẹ̀: àwọn atẹ̀wé rẹ̀ kò forúkọ ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ tà láìfún un ní kọ́bọ̀.

Mo ka ìtàn náà. Kò tan ọmọdé jẹ. Ní ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ni ìyá ehoro ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má wọ ọgbà ẹni kan, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú bàbá wọn, tí ìyàwó onílé sì fi í ṣe oúnjẹ bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣe mítípáì. Kò sọ pé bàbá rìnrìn àjò. Nínú ìwé mìíràn tó kọ ní 1908, pẹ́pẹ́yẹ kan tó ya aláìmọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Àwọn ajá wá gbà á sílẹ̀, àwọn ajá náà sì jẹ ẹyin rẹ̀ tán kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó bá sin ajá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Ìwé kéékèèké mẹ́tàlélógún ló ṣe ní irú èyí. Fún ọ̀kan tó dá lórí aránṣọ àti àwọn eku, ó lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù láti wo ẹ̀wù àtijọ́ gidi, kí ojú abẹ́rẹ́ tó yà lè jẹ́ ojú abẹ́rẹ́.

Wàyí o, ibi tí mo ní ẹ fi sọ́kàn.

Ní 1880, oníròyìn òyìnbó kan ní Georgia ní Amẹ́ríkà, Joel Chandler Harris, tẹ ìwé ìtàn kan jáde nípa ehoro ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ẹnu àwọn ẹrú dúdú tó wà ní oko kan tó gbé nígbà èwe ló ti gbọ́ wọn. A mọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, George Terrell. Nínú ìtàn wọ̀nyí ni èyí tí wọ́n ti fi ọ̀dà mọ ère kan, tí ehoro gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ dákẹ́ ná, ṣé ẹ̀yin kò mọ ìtàn yẹn? Ìjàpá ni tiwa, olè oko ni, ère tí a fi àtè kùn ló sì mú un. N kò sọ pé Yorùbá ló kó gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn wa kò pọ̀ ní Georgia bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Kúbà àti Bràsíl, oríṣiríṣi ẹ̀yà ilẹ̀ wa ló sì ń pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú ló ti rìn lọ, inú ọkọ̀ ẹrú ló sì gbà lọ.

Ìwé Harris yìí wọ ilé àwọn Potter. Láàrin ọdún 1893 sí 1896, àsìkò kan náà tó kọ lẹ́tà sí Noel, Beatrix jókòó ya àwòrán ehoro inú ìtàn àwọn ẹrú náà. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣàpèjúwe bí ehoro tirẹ̀ ṣe ń tọ, inú ìwé Harris ló ti bá a. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1904, ìyá ehoro ń ta ewé kan tó pè ní tábà ehoro, ó ní lavender ni, òdòdó olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá ní ibi tí orúkọ náà ti wá. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ewé mìíràn ni tábà ehoro, ewé oògùn, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ènìyàn dúdú fi ń wo ikọ́ àti òtútù. Orúkọ ewé kọjá òkun, ewé kò bá a lọ.

Èyí dùn mí, n kò ní purọ́. Àwa kì í la ẹnu sọ ohun kan láìjúbà ẹni tó kọ́ wa. Ẹni tó bá dìde láàrin àwọn Awo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì láìfi ìbà fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n á ní kó jókòó. Obìnrin yìí kò júbà. Nínú àwọn ìwé rẹ̀ tó ń tà kárí ayé, kò sí ibi tó ti sọ pé ehoro òun gbọ́ nǹkan lẹ́nu ehoro àwọn ẹrú. Òun tí wọ́n sé ilẹ̀kùn mọ́, tí ọkùnrin mìíràn gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, òun náà rí ìtàn lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọlé rárá, òwú ọwọ́ irú wọn sì wà nínú owó tí wọ́n fi tọ́ ọ. Bóyá kò tilẹ̀ sí i lọ́kàn. Àwọn kan á sọ pé ìtàn kò ní olówó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn tí kò ní ẹnu tó ti jáde. Nítorí náà ìyàwó wa, mo ní kí o ka ìwé náà fún wọn, àwòrán inú rẹ̀ dára, ó sì jẹ́ òtítọ́. Bó o bá dé ibi tábà ehoro, pa á dé díẹ̀, kí o sọ ti ìjàpá àti ère alátè fún wọn, kí o dárúkọ George Terrell, kí o tó máa bá a lọ.

Ìyókù ayé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ní oṣù Keje ọdún 1905, Norman Warne, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń tẹ ìwé rẹ̀, ní òun fẹ́ fi í ṣe aya. Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́, wọ́n ní oníṣòwò ni. Ó gbà fún un síbẹ̀. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, Norman kú, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Lọ́dún náà ni Beatrix ra oko kan tí wọ́n ń pè ní Hill Top, ní abúlé Near Sawrey, ní agbègbè òkè àti adágún tó wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ìwé ló wọlé sí i. Gbogbo owó ìwé tó tún wọlé lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ló ń fi rà. Agbẹjọ́rò ibẹ̀ kan, William Heelis, ló ń bá a wo ìwé ilẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1913 wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni nígbà náà, àwọn òbí rẹ̀ sì tún ní àwọn kò fẹ́ eléyìí náà! Láti ọjọ́ yẹn, Ìyáàfin Heelis ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ojú rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́, ìwé dínkù. Àgùntàn ló kù.

Irú àgùntàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Herdwick, irun rẹ̀ le, ó lè fara da òjò àti yìnyín orí òkè. Àwọn èèyàn ti fẹ́ máa pa á tì. Obìnrin yìí gbé e ró. Nígbà tó ra oko ńlá kan ní Troutbeck, tí ara àwọn àgùntàn ibẹ̀ kò sì yá, ó wá olùṣọ́-àgùntàn tó mọṣẹ́, Tom Storey, sọ́dọ̀. Ó ń bá wọn lọ síbi ìfihàn àgùntàn, ó ń gba ẹ̀bùn, bàtà onígi lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀wù irun àgùntàn lọ́rùn. Àlejò tó bá rí i lójú ọ̀nà kò lè mọ̀ pé òun ló ni ehoro. Ní 1943 ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin Herdwick yàn án láti jẹ́ ààrẹ wọn, kò sì tíì sí obìnrin tó jẹ ẹ́ rí. Kò dé orí àga náà. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Kò bímọ. Ilẹ̀ tó ju 4,000 éékà lọ ló fi sílẹ̀ fún National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ fún gbogbo ará ìlú níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ pé Herdwick ni kí ó máa jẹko lórí àwọn òkè náà. Wọ́n ṣì ń jẹko níbẹ̀ títí di òní. Wọ́n sun ara rẹ̀, wọ́n sì kó eérú fún Tom Storey. Òun nìkan ló gbé e lọ sí orí òkè tó wà lókè Hill Top, ó fọ́n ọn ká bí obìnrin náà ṣe ní kó ṣe é. Kò sọ ojú ibẹ̀ fún ayé.